Lórí "ọ̀pá ìwakọ̀": oríkèé ló ń jẹ, kì í ṣe ọ̀pá

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe drive shaft ní "ọ̀pá ìwakọ̀", kí a sì máa kọ "àtúnkọ́ ọ̀pá ìwakọ̀ tó ti gbó" fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí i lára ọkọ̀ tó ti pẹ́. Ó hàn pé ẹni tó dá a lábàá ro ó jinlẹ̀. Síbẹ̀ n kò lè fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ṣìnà nínú gbólóhùn kékeré yẹn: ìwakọ̀, àtúnkọ́ àti gbó. Ẹni tó bá gbé e lé mẹkáníìkì lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lè náwó lé ohun tí kò bàjẹ́ rárá.

Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ iwájú, ọ̀pá irin méjì ló jáde láti inú gíábọ́ọ̀sì, ọ̀kan sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, èkejì sí ẹsẹ̀ òsì. Àwọn ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ìdí táyà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní oríkèé méjì: ti inú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ti ìta nídìí táyà. Ìwakọ̀ ni ohun tí ènìyàn ń ṣe nídìí sítíárìn. Bí ẹ bá sọ "ọ̀pá ìwakọ̀" fún ẹni tí kò mọ̀, ọ̀pá tó so mọ́ sítíárìn ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ bá. "Ọ̀pá ayítáyà" sọ iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ máa pè é ní ṣáàfù bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń pè é, n kò ní bá a jà.

Ọ̀rọ̀ "gbó" ló ká mi lára jù. Ohun tí ọjọ́ bá pẹ́ lórí rẹ̀ ni a ń sọ pé ó gbó: aṣọ ń gbó, awọ ń gbó. Ohun tí ìfarakanra bá fá lára, a ní ó jẹ: táyà ń jẹ, ìsàlẹ̀ bàtà ń jẹ, eyín gíá ń jẹ. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí wo ọ̀pá ayítáyà. Rọ́bà tó bo oríkèé rẹ̀, tó ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po lára, òun ló ń gbó, kódà bí ọkọ̀ bá wà lójú kan tí ẹnikẹ́ni kò gùn ún. Bí ó bá ti ya, gírísì inú rẹ̀ á máa fọ́n jáde bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń yí, ẹ ó rí i lára inú táyà, ní dúdú dúdú. Omi àti yanrìn á gba ojú ibẹ̀ wọlé, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin nínú oríkèé. Ọ̀pá tó wà láàárín ńkọ́? Ó lè tẹ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ó lè dípẹtà títí yóò fi ṣẹ́, eyín tó wà létí rẹ̀ sì lè jẹ bí nọ́ọ̀tì bá dẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun ló máa ń kẹ́yìn bàjẹ́. Rọ́bà gbó, oríkèé jẹ, ọ̀pá wà pẹ̀lú àlàáfíà: gbogbo èyí ni "ọ̀pá tó ti gbó" dà pọ̀ sójú kan.

Ẹlòmíràn ní "orúnkún" ló yẹ kí a pe ibi tí ọ̀pá ti ń ṣẹ́ kọrọ̀, kì í ṣe oríkèé. Orúnkún kò bá a mu. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni orúnkún ń ṣẹ́ sí, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kòtò, ọ̀pá kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ yíyí.

Orúkọ tí a ó fi kún oríkèé yẹn ni mo rò pé ó yẹ kí a lo àkókò lé lórí. "Oríkèé ìyára-kan-náà" ni àwọn kan kọ fún CV joint (constant velocity joint), orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe oríkèé ọ̀pá ayítáyà. Ta ló ní ìyára ọkọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà? Awakọ̀ ń tẹná, ó ń tẹ bíréèkì. Ohun tí orúkọ náà ń wí ni pé bí ẹ̀gbẹ́ kan oríkèé bá ṣe ń yí ni ẹ̀gbẹ́ kejì ń yí ní gbogbo ìgbà, bó ti wù kí igun àárín wọn tóbi tó. Oríkèé tó ṣáájú rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni oríkèé alágbèélébùú (universal joint), tí wọ́n fi sọrí Gerolamo Cardano ará Ítálì, tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àti Robert Hooke ará Gẹ̀ẹ́sì, tó tẹ̀ lé e ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Bí ọ̀pá bá ṣẹ́ kọrọ̀ níbi oríkèé alágbèélébùú, ẹ̀gbẹ́ tó ń gba agbára á yára lẹ́ẹ̀mejì, á falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nínú ìyípo kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tó ń fún un lágbára kò yí eré rẹ̀ padà. Lábẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni agbára ń lọ, oríkèé méjì tí a bá tò bó ti yẹ lórí ọ̀pá gígùn àárín á pa ìyàtọ̀ náà rẹ́. Níwájú, níbi tí igun ti ń pọ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yà, sítíárìn á máa gbọ̀n mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Alfred Rzeppa, ẹnjiníà kan ní Ford, ló gbé oríkèé tó ń yí dọ́gba jáde ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí ọkọ̀ kékeré Mini sì jáde ní 1959, irú oríkèé yẹn ló wà ní ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. "Oríkèé ayídọ́gba" ni èmi dábàá. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká tú oríkèé ayídọ́gba ìta kan wò. Gé ọ̀já irin tó di rọ́bà mú, ká rọ́bà sẹ́yìn, nu gírísì kúrò, kí o fọ irin títí yóò fi dán. Ọmọ bẹ́árìn mẹ́fà ló wà nínú àgò irin kan, oníkálukú nínú poro tirẹ̀. "Ihò" ni àwọn kan kọ fún ojú ibi tí wọ́n ń yí gbà, ṣùgbọ́n ihò kì í gùn. Ohun tó gùn tó sì jin díẹ̀ láàárín etí méjì, bí ti àárín ebè lóko, poro ni. Tẹ àgò náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ bẹ́árìn kan á yọrí lókè, mú un. Yí i, òmíràn á yọ. Nígbà tí gbogbo wọn bá tán, fi èékánná tọ poro kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá ń lọ geere, kò sí wàhálà. Bí ó bá há sí etí kòtò kékeré kan, tàbí tí ojú irin ti bó, ó ti jẹ nìyẹn. Irú rẹ̀ ló ń dún ká-ká-ká bí a bá yí sítíárìn dé òpin tí a sì tẹná. Gírísì tuntun kò lè dá irin tó ti lọ padà.

Ibi tí "àtúnkọ́" ti kùnà nìyí. Ilé ni a ń kọ́. Ohun tí a tú, tí a fọ̀, tí a yẹ̀ wò, tí a fi gírísì àti rọ́bà tuntun sí, tí a sì dá padà, "àtúntò" ni. Àtúntò bá a mu nígbà tí rọ́bà ṣẹ̀ṣẹ̀ ya tí oríkèé kò tíì dún. Gírísì dúdú tó ní molybdenum nínú ni kí a lò, iye tí ó bá rọ́bà wá, kì í ṣe gírísì èyíkéyìí tó wà nílẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ kan tún wà tí wọ́n máa ń lọ ojú poro tó ti jẹ, tí wọ́n á wá fi ọmọ bẹ́árìn tó tóbi díẹ̀ sí i. Fún ọkọ̀ tí wọn kò ṣe ẹ̀yà rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ gidi ni, ó sì ju àtúntò lọ. "Ìsọdọ̀tun" ni kí a fi pamọ́ fún un.

Ẹ tún kíyè sí "pààrọ̀", tí gbogbo wa ń lò láìrò ó. Àwọn mẹkáníìkì àgbà ní ọgbọ́n kan: bí ọ̀pá ọ̀tún àti ti òsì bá gùn dọ́gba tí wọ́n sì jọ ara wọn délẹ̀, wọ́n á gbé ti ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ̀gbẹ́ poro tí kò tíì jẹ lè máa gba agbára. Ìyẹn gan-an ni "pààrọ̀ ọ̀pá". Bí oníbàárà bá wá kọ ọ́ sínú ìwé pé "ẹ pààrọ̀ ọ̀pá méjèèjì", tí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni yóò fi bá wọn jà? "Rọ́pò" ni ọ̀rọ̀ tó dájú: a fi tuntun rọ́pò ògbólógbòó. Ìrọ́pò sì ní tirẹ̀ lára. Ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì lè dà jáde bí a bá fa ọ̀pá yọ, a ó dá iye tó dà padà. Nọ́ọ̀tì ńlá àárín ẹsẹ̀, tuntun ni kí a lò, kí a sì dè é dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà sọ.

Bí èmi bá ń kọ ọ́ fún oníṣẹ́, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́: "Ọ̀pá ayítáyà apá òsì: rọ́bà ìta ti ya, oríkèé ayídọ́gba ìta ti jẹ, ọ̀pá kò ní àléébù. Ẹ fi oríkèé tuntun rọ́pò, ẹ ṣe àtúntò oríkèé inú."

Oríkèé inú yẹn ló kù tí a kò tíì sọ lórúkọ. Yàtọ̀ sí pé ó ń ṣẹ́, ó tún ń wọlé ó ń jáde díẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń gòkè sọ̀ kalẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, apá mẹ́ta ló ní, tí bẹ́árìn kọ̀ọ̀kan ń yí lórí wọn, bí ó bá sì jẹ, ọkọ̀ á máa gbọ̀n nígbà tí a bá tẹná. "Oríkèé alápá mẹ́ta" ni mo ń pè é fún ìgbà yìí, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò sọ nǹkan kan nípa wíwọlé-jáde rẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kí ó jọ̀ọ́ gbé e wá.