Ẹ gbà mí o, omi táǹkì coral mi kò yé gbóná

Akin Lẹ́kí:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọkàn mi bàjẹ́ gidi. Omi táǹkì mi ń gbóná ṣáá, coral méjèèjì tí à ń pè ní torch ti sún ara wọn kì, wọn kò yọ ọwọ́ síta mọ́. Mo ra chiller, ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù, owó tó lè san owó iléèwé ọmọ. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi búra pé yóò gbé táǹkì mi dáadáa, ní báyìí bí mo bá pè é, kì í gbé e. Ìyàwó mi ní òun ti sọ pé kí n kúkú máa sìn adìẹ. Àbúrò mi wá kí wa, ó ní ṣé torí òkúta ni mi ò ṣe lè jẹun. Òkúta kọ́! Ohun ẹlẹ́mìí ni. Ti àwọn oníná tún wà ńbẹ̀: bí wọ́n bá mú un lọ lálẹ́, ó di àárọ̀. Fáànù méjì ń fẹ́ sórí omi náà tọ̀sán-tòru. Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n tà á.

Ìyá Clown:
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Dígírì mélòó ni omi yẹn wà? Lítà mélòó ni táǹkì yín? Ẹ kò sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Bàbá Òkun:
Ìwọ bá mi bi í. O sọ ti ìyàwó, o sọ ti àbúrò, o ò sọ ti tẹmọ́mítà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Peckham:
Ẹ̀gbọ́n, mo mọ bó ṣe ń ṣe yín. Ní July 2022, nígbà tí ooru kọjá 40 dígírì ní Heathrow, òkè pátápátá ni fúláàtì mi wà, kò sì sí AC. Mo di omi sínú ike, mo fi wọ́n sínú fírísà, mo ń jù wọ́n sínú táǹkì. Omi tutù lójijì, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ó tún gbóná padà. Lílọ-bíbọ̀ yẹn ló pa ẹja mi, kì í ṣe ooru gan-an. Bí ẹ bá máa lo yìnyín, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ike rẹ̀ wà ní dídé.

Ṣadé Ìbàdàn:
Ẹ yọ hítà kúrò. Hítà tó bá ti di ní "on" kì í kú mọ́, á máa se omi ni.

Bàbá Òkun:
Òótọ́ ni. Ẹ yọ hítà.

Akin Lẹ́kí:
Kò sí hítà nínú táǹkì mi, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Lítà 300 ni. 29.8 láàárọ̀, 31 lọ́sàn-án. Mi ò bẹ̀rẹ̀ lánàá, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọdé.

Ìyá Clown:
Ẹ máà bínú. 31 pọ̀ jù, sà. Láàárín 24 sí 27 ló dára. Àwọn ewéko tín-tìn-tín tó ń gbé nínú ẹran ara coral ló ń bọ́ ọ, àwọn náà ló ń fún un láwọ̀. Bí ooru bá pẹ́, coral á tì wọ́n síta, á funfun, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Great Barrier Reef, àwọn coral etí òkun Australia, ní 2016 nìyẹn. Atẹ́gùn inú omi gbígbóná náà kì í tó, torí náà ẹ kọ ojú pọ́ǹpù sókè kí ojú omi máa rú. Ẹ dín wákàtí tí iná fi ń tàn kù.

Ṣadé Ìbàdàn:
Fáànù méjì yẹ kó tó. Tèmi máa ń mú dígírì méjì kúrò.

Bàbá Òkun:
Ìbàdàn kọ́ ni Lẹ́kí. Afẹ́fẹ́ etí òkun ti mu omi yó, báwo ni omi táǹkì ṣe fẹ́ gbẹ sínú rẹ̀? Gbígbẹ yẹn ló ń mú omi tutù. Àsìkò ọyẹ́ lo wọn tìẹ, àbí mo parọ́?

Ṣadé Ìbàdàn:
Mi ò sọ pé ọyẹ́ ni. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, sà.

Adé Houston:
Ẹ̀gbọ́n Akin, ibo ni chiller yẹn wà? Chiller kì í pa ooru. Ó ń kó o kúrò nínú omi ni, ó ń tú u jáde látẹ̀yìn. Ibo ni ooru yẹn ń gbà lọ?

Akin Lẹ́kí:
Tuntun ni chiller, kò sì sinmi rárá. Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn pálọ̀, ni mo ṣe ní kí káfíńtà ṣe ilẹ̀kùn sí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ táǹkì. Ó pa dé dáadáa, a kì í gbọ́ ọ mọ́.

Adé Houston:
Ilẹ̀kùn? Òun àti sump, táǹkì kékeré abẹ́ tí omi ń gbà kọjá, jọ wà nínú àpótí tó pa dé? Ẹ̀gbọ́n, ó dà bí ẹni tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ ojú omi, tó tún ń dà á sínú ọkọ̀ kan náà. Ẹ ṣí i nísinsìnyí.

Akin Lẹ́kí:
Káfíńtà lu ihò sẹ́yìn fún wáyà. Igi gidi ni o, ẹ ò mọ iye tí mo san.

Bàbá Òkun:
Ihò wáyà! Ṣí ilẹ̀kùn, jàre.

Ìyá Clown:
Ọ̀kan kù tó ń kọ mí lóminú. Pẹ̀lú fáànù méjì, omi yín á máa fà gan-an. Omi wo lẹ fi ń kún un?

Akin Lẹ́kí:
Omi oníyọ̀ tí mo pò sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó ta chiller ló ní kí n má fi omi lásán sí i kí iyọ̀ má bàa dínkù.

Ìyá Clown:
Yéè! Omi nìkan ló ń gbẹ lọ, sà, iyọ̀ kì í bá a lọ. Gbogbo kẹ́ẹ̀gì tí ẹ dà sí i, ẹ ń fi iyọ̀ kún iyọ̀ ni. Ẹ wọn iyọ̀ omi náà fún wa.

Akin Lẹ́kí:
1.031.

Ìyá Clown:
1.025 sí 1.026 la fẹ́. Ẹ má sáré o! Ẹ bu díẹ̀ kúrò, kí ẹ fi omi RO, omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ tí kò ní iyọ̀, rọ́pò rẹ̀, kó máa sọ̀ ní 0.001 lójúmọ́. Láti ìsinsìnyí, omi RO nìkan lẹ ó máa fi dípò èyí tó bá gbẹ.

Akin Lẹ́kí:
Ẹ ṣeun. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn láti ìrọ̀lẹ́: 28.4, chiller sì ti dákẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó mi ti ń pariwo ariwo náà. Ṣé mo lè gbé e sí báńkónì, kí n fa páìpù wọlé? Ó tó mítà mẹ́rin.

Adé Houston:
Ibẹ̀ ló dára jù, bí òjò àti oòrùn kò bá ní bà á tààrà. Pọ́ǹpù tó ń gbé omi lọ síbẹ̀ ni ká wò. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ wá.