Mo ti ìgbéyàwó dé, ọkàn mi ò balẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, mo lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, ìgbà tí ọkọ ń sọ "títí ikú yóò fi yà wá" ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, òrùka fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ni mo bá bú sẹ́kún. Ẹni tí mò ń fẹ́ jókòó tì mí, ó ń tẹ fóònù. Èèyàn dáadáa ni o, àmọ́ kò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá. Mo mọ 2 Kọ́ríńtì 6:14 tó ní ká má fi àìdọ́gba dàpọ̀ mọ́ aláìgbàgbọ́, ẹ má wulẹ̀ kà á fún mi. 1 Kọ́ríńtì 7 tó ní kí onígbàgbọ́ má kọ aláìgbàgbọ́ sílẹ̀, àwọn tó ti fẹ́ra wọn ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí, àwa ò tíì ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ irú ẹ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é, pàápàá tọ́mọ bá dé?