Ọmọ tó ní aró òun ń ṣí: ṣé bó ṣe yẹ ká dá a lóhùn nìyẹn?

Aláró Kẹ́mta
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ẹ mọ̀ pé àwa aládìrẹ Abẹ́òkúta ní gúrúùpù WhatsApp tiwa. Ọmọ kan tí kò tíì pẹ́ tó wọlé, tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀ ní Adìgbẹ, fi fọ́tò aṣọ yáàdì 5 ránṣẹ́. Búlúù tó yẹ kó dúdú dáadáa ti ṣí, ó wá rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, aró mi ń ṣí. Kí ni mo ṣe?" Ó parí síbẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Ìkejì ní, "A ti dáhùn eléyìí rí, lọ wá a lókè." Lókè ibo? Láàárín àdúrà òwúrọ̀ àti fọ́tò ìkómọ? Ìkẹta ní kó wá bá òun ní kọ̀rọ̀, kó mú ₦10,000 dání. Ọmọ náà ní "Ẹ ṣé o, mà", ó sì jáde kúrò nínú gúrúùpù. Èmi náà rí gbogbo ẹ̀, mo ń jẹ ọ̀fadà mi lọ. Ibi tó ti ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Tí ẹnì kan nínú wa bá ké gbàjarè báyìí, kí ló yẹ ká ṣe? Ṣé ká sọ gbogbo ẹ̀ ni, àbí ká ní kó lọ kọ́ṣẹ́?

Ọmọ Ìtòkú
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọdún 3 ni mo fi sin ọ̀gá mi kí n tó gba fírídọ̀mù. Ẹnì kan á wá jókòó sílé, á fi dátà gba gbogbo ẹ̀ lọ? Ìbéèrè yẹn gan-an ò lórí. Aṣọ wo? Aró wo? Kò sọ.

Ìyá Ìbejì Àsẹ̀rò
Kò sọ lóòótọ́. Ṣé ẹni tí kò mọ̀ ló máa mọ ohun tó yẹ kó sọ? Ṣe lèèyàn máa bi í.

Èmi ìbá bi í pé ṣó fọ sítáàṣì kúrò lára aṣọ náà kó tó rì í sínú aró. Ṣé òwú ni àbí pólísítà? Kó já fọ́nrán kan, kó fi iná sí i: òwú á jó bíi bébà, á di eérú; pólísítà á yọ́, á kó jọ di kókó líle. Aró wa kì í wọ ìyẹn.

Háídíróòsì, ẹ̀tù tá a ń dà sínú aró kó lè wọ aṣọ, ni mo fura sí jù. Òjò ń rọ̀ báyìí, tí wọ́n bá ṣí ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin á pa á. Aró elú tí agbára ẹ̀ pé kì í rí búlúù nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé tó ti ń pọ́n ló máa ń ní. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fa aṣọ jáde tí afẹ́fẹ́ kàn án ló máa di búlúù lójú yín. Bí háídíróòsì bá ti kú, orí aṣọ lásán ni aró máa lẹ̀ mọ́. Ọṣẹ á kó o lọ.

Sódà kọ́sítíìkì tá a ń dà sínú aró, èyí tó ń jó ara, ńkọ́? Omi ni kéèyàn kọ́kọ́ bù, kó wá máa da sódà sí i díẹ̀díẹ̀, kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Tó bá da omi lé sódà lórí, ó lè ta sí i lójú. Ṣé ₦10,000 lọmọ ọlọ́mọ máa san kó tó gbọ́ ìyẹn?

Bàbá Sápọ̀n
Sódà yìí náà ni wọ́n torí ẹ̀ jà nílùú yìí. Láyé Aláké Adémọ́lá Kejì, àwọn oníbàárà ń pariwo pé aṣọ ò dáa mọ́, ni wọ́n bá fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Ní 1936 àwọn ìyá aláró fẹ̀hónú hàn, wọ́n láwọn ò gbà. Ohun tí mò ń sọ ni pé oníbàárà tó ti Èkó wá kì í bá wa wádìí ẹni tó rẹ ẹ́. "Àdìrẹ Abẹ́òkúta ń ṣí" ló máa sọ, á sì lọ ra ti Ṣáínà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀.

Ọmọ Ìtòkú
Ó dáa, Bàbá. Bátànì mi ò ní jáde lẹ́nu mi o, ẹ má retí ìyẹn. Àmọ́ ti sódà àti háídíróòsì, mo gbà. Èmi ni mo fi ẹ̀rín ránṣẹ́.

Aláró Kẹ́mta
Mo mọ̀ pé ìwọ ni.

Mo pe ọmọ náà láàárọ̀ yìí. Inú ike tí kò lọ́mọrí ni háídíróòsì ẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga! Mo ní kó wá bu díẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kó mú yáàdì kan péré dání ká fi dán an wò. Ó bi mí pé èló ni. Mo ní kó ra búrẹ́dì bọ̀.

Ó láwọn ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, òun àti ìyá ẹ̀. Mo bi í bóyá kí n dá a padà sínú gúrúùpù. Ó ní kí n ṣì fi sílẹ̀ ná.