Jíìpù tí wọ́n pa tì: ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀

Ọmọ Ìjàpọ̀, Leeds

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́ tí ẹ wà nílùú òyìnbó, mo sì kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ wa láti ilé. Mo rí Land Rover Discovery kan, ti ọdún 1996, tí ó ti wà lẹ́yìn abà àgbẹ̀ kan fún ọdún mẹ́rin láìṣíṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn ni ẹni tí ó ni ín ń pè é, ó sì ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Èrò mi ni pé kí n máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, kí n sì fi í ránṣẹ́ sí bàbá mi, nítorí pé ọ̀nà oko kòkó wa ní ìhà Ìdànrè kì í gba ọkọ̀ kékeré bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ṣé kí n rà á?

Ọmọ Òkè-Àró, Wolverhampton

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó sanwó. Èmi kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn dín ọgọ́rùn-ún ni mo ra tèmi, ọdún kan náà pẹ̀lú èyí tí o rí, ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ó sì fà mí, nítorí pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni Land Rover bàbá mi máa ń ní bí ó bá ń gòkè bọ̀ láti oko ní ìrọ̀lẹ́. Títí di òní, ẹ́ńjìnnì yẹn kò tíì dá mi lágara. Irin abẹ́ ọkọ̀ náà ni ó jẹ owó mi: nígbà tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì, mo ti ná ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin pọ́n-ùn lé e lórí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó ń bá mi jó irin. Nítorí náà, bí o bá dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ yẹn, má ṣe jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ṣáná sí ọkọ̀ náà fún ọ. Wo abẹ́ rẹ̀ ná.

Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé wọ́n ti gbọ́ pé Land Rover kì í dípẹtà. Ìdajì òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà jáde ní ọdún 1948, kò pẹ́ tí ogun àgbáyé kejì parí, irin sì ṣọ̀wọ́n ní Ìlú Ọba, ni wọ́n bá fi alumíníọ́mù ṣe ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣásí tí ara náà gùn lé, irin ni, inú rẹ̀ sì ṣófo bí ọparun. Discovery, tí ó jáde ní ọdún 1989, tún burú jù ú lọ ní ti èyí, nítorí pé alumíníọ́mù ni púpọ̀ nínú ohun tí ojú ń rí lóde, nígbà tí ilẹ̀ ibi ìkẹ́rù, ìloro ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ògiri inú tí ó bo táyà iwájú jẹ́ irin pẹlẹbẹ lásán. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbí nígbà òtútù, kí omi má baà dì, a máa bá ẹrẹ̀ wọ inú gbogbo kọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ibẹ̀ ni yóò sì jókòó sí. Land Rover bàbá mi dàgbà jù mí lọ, inú ẹrẹ̀ ọ̀nà Ìdànrè ni ó sì lo ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i kí wọ́n jó ṣásí rẹ̀ rí. Ilẹ̀ pupa ilé wa a máa ba aṣọ jẹ́, kì í jẹ irin bí iyọ̀ ti ń jẹ ẹ́.

Bí o bá ń lọ, mú òòlù kékeré kan, síkùrù-díráfà tí kò wúlò fún ọ mọ́, tọ́ọ̀ṣì, òòfà tí ń fa irin mọ́ra, àti páálí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ìwọ yóò tẹ́ sílẹ̀ dùbúlẹ̀ lé. Gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀ pé ìwọ yóò fi òòlù kan abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá yarí, ó ti dá ọ lóhùn nìyẹn. Ẹni tí ó ta tèmi fún mi kò yarí, èmi ni n kò mú òòlù lọ. Ó ti fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo abẹ́ rẹ̀, ó ń dán gbinrin, mo sì rò pé ìtọ́jú ni. Ìgbà tí mo gbé e délé ni mo tó wọ abẹ́ rẹ̀. Láti iwájú dé àárín, bí mo ti ń kan òòlù mọ́ ṣásí, ó ń dún kangó kangó bí irin tí ara rẹ̀ le. Bí mo ti dé ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn lápá òsì, ohùn náà yí padà, ó di pòkò pòkò, bí ìgbà tí a bá ń fi ìka kan igbá tí ó ti sán. Mo fi síkùrù-díráfà tì í, ó wọlé títí dé èèkù, ìpẹtà sì ya lé mi lójú ní ìpele ìpele bí èèpo igi. Mo jáde, mo ká kápẹ́ẹ̀tì ibi ìkẹ́rù, koríko tí ó wà nílẹ̀ ni mo rí.

Òòfà náà wúlò, ṣùgbọ́n mọ ibi tí ìwọ yóò ti lò ó. Kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ́mù, nítorí náà má ṣe fi í dán ilẹ̀kùn wò kí o wá rò pé wọ́n ti fi àmọ́ dí i. Ìloro tí à ń tẹ̀ wọ inú ọkọ̀ ni kí o fà á gbà, nítorí irin ni ìyẹn. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, ohun mìíràn ni wọ́n kùn ní ọ̀dà síbẹ̀. Nínú tèmi, ìwé ìròyìn tí wọ́n ká pọ̀ ni mo fà jáde. Ní ti ilẹ̀kùn, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí o wò: bí ìyẹ̀fun funfun bá wà níbẹ̀, alumíníọ́mù ti ń jẹrà níbi tí ó ti kan irin nìyẹn. Èyí kì í já mi láyà, nítorí pé a lè ra ilẹ̀kùn mìíràn kí a fi sípánà so ó mọ́ ọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Kí o tó jáde nílé pàápàá, mú nọ́ńbà ọkọ̀ náà, kí o fi wo ìtàn àyẹ̀wò MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí a fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ yẹ lójú títì, lórí ìkànnì ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni. Ìwọ yóò rí iye máìlì tí ó ti rìn ní ọdọọdún, ohun tí ó mú kí ó kùnà, àti ìkìlọ̀ tí olùyẹ̀wò kọ sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jẹ́ kí ó yege. Àwọn ìkìlọ̀ yẹn gan-an ni kí o kà ní àkàtúnkà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní ọdún mẹ́ta léra pé ìpẹtà wà ní ibì kan, tí kò sì sí àmì pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe, ó ti di ihò báyìí. Òfin wọn ni pé irin tí ó bá jẹrà púpọ̀ ní ìwọ̀n 30 sẹ̀ǹtímítà sí ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó, sítíárì, bíréèkì tàbí sípíríǹgì ti so mọ́ ara ọkọ̀ yóò mú kí ọkọ̀ náà kùnà, irin tuntun ni a sì gbọ́dọ̀ jó mọ́ ọn. A kò lè fi àmọ́ tàn wọ́n. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi ń wọ́n, nítorí pé ẹni tí ó ń jó o níláti máa gé èyí tí ó ti jẹrà títí yóò fi kan irin mímọ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ bí ó ti jìn tó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ọjọ́ méjì ni ẹni tèmi ní òun yóò fi ṣe é. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò, n kò sì lè bínú sí i, nítorí pé ojú mi ni ó ti ń gé e.

Ẹ́ńjìnnì wá ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ 300Tdi tí ń mu dísù ni, má bẹ̀rù rẹ̀, kò gbára lé kọ̀ǹpútà púpọ̀, mọkáníìkì ilé wa èyíkéyìí ni yóò mọ ojú rẹ̀. Ṣí ìdérí ibi tí à ń rọ ọ́ìlì sí. Bí ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn bá funfun tí ó sì ki bí ògì, omi ti bá ọ́ìlì pò, ó sì lè jẹ́ pé tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ọkọ̀ tí ó ti dúró fún ọdún mẹ́rin, a kì í kàn fi bátìrì ta á jí. Fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́ ná, kí o pààrọ̀ ọ́ìlì, kí o sì pààrọ̀ bẹ́líìtì inú tí ó ń bá fáàfù ṣiṣẹ́ kí o tó wà á lọ síbikíbi, nítorí pé bí ìyẹn bá já, písítìnì àti fáàfù yóò gbá ara wọn. Dán gíà kékeré ẹ̀gbẹ́ ńlá wò pẹ̀lú, èyí tí à ń fi ti agbára iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó sáábà máa ń gan, torí pé àwọn tí wọ́n ra ọkọ̀ náà láti máa fi gbé ọmọ lọ sílé-ìwé kò fọwọ́ kàn án rí. Lára táyà, wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà pa pọ̀: 2314 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe táyà náà, bí ojú rẹ̀ ì báà tilẹ̀ dà bí tuntun.

Ìyá Ìbejì, London

Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ kò tíì sọ ibi tí ẹ óò gbé e sí. Bàbá Ìbejì ra irú rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n kọ SORN fún un pé kò ní í rìn lójú títì, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé e sí iwájú ilé, lójú títì. Wọn kò mọ̀ pé ọkọ̀ tí a bá ti kọ SORN fún kò gbọ́dọ̀ dúró sí ọ̀nà gbogbogbòò rárá, inú àgbàlá ara ẹni ni ó gbọ́dọ̀ wà. Ìwé ìtanràn ni ó kọ́ wa. Ẹni tí ó bá ń gbé ilé ayálégbé, kí ó kọ́kọ́ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ọ́ìlì tó dà sílẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní London bíi tiwa, láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ULEZ, agbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú ti ń sanwó kí ó tó rìn, ti dé gbogbo ìlú yìí, jíìpù àtijọ́ tí ń mu dísù yóò sì máa san pọ́n-ùn 12.50 ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá rìn, àyàfi èyí tí ó ti pé ogójì ọdún tí wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àtijọ́.

Bàbá Àgbà, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwọ tí o wà ní Leeds, inú mi dùn pé o ń ro ti bàbá rẹ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn kò ní í dé Àkúrẹ́. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti ka ọkọ̀ àlòkù tí ó ti ju ọdún 12 lọ láti ìgbà tí wọ́n ṣe é mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọlé, ti ọdún 1996 sì ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, apá ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí ó bá jókòó sápá ọ̀tún níbí, tí ó sì fẹ́ yọ ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ ní ọ̀nà Oǹdó, yóò ti gbé ìdajì ọkọ̀ síta kí ó tó rí ohun tí ń bọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti oko ni, jẹ́ kí a bá ọ wá Hilux tí wọ́n pa tì sí àgbàlá kan níhìn-ín. Òsì ni sítíárì rẹ̀ wà, ẹ̀yà rẹ̀ kò nira láti rí, bí kò bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ olótùútù, iyọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ kò kàn án. Àìsàn tiwa níbí yàtọ̀: ọkọ̀ tí ó bá ti pẹ́ ní àgbàlá, wọn a ti yọ ẹ̀yà rẹ̀ tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí o tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ní kí ẹni tí ọkàn rẹ balẹ̀ sí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ó ya fídíò fún ọ, kí ó ya nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ṣásí, kí ó sì ya ìwé rẹ̀. Bí nọ́ńbà ara irin kò bá bá ti inú ìwé mu, má ṣe bá wọn ná an.

Ọmọ Ìjàpọ̀, Leeds

Ẹ ṣeun púpọ̀, bàbá wa, mo ti gbọ́, a ó jọ wá Hilux náà. Ẹ̀gbọ́n, mo ti wo ìtàn ọkọ̀ yẹn báyìí. Ìgbà mẹ́ta léra ni wọ́n kọ ọ́ pé ìpẹtà wà nítòsí ibi ìso bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé wọ́n tún un ṣe. Síbẹ̀, ọkàn mi ṣì ń fà sí i, fún èmi fúnra mi, kì í ṣe fún ilé mọ́, mo sì ní àyè nínú àgbàlá mi. Èló ni kí n dá lé e?

Ọmọ Òkè-Àró, Wolverhampton

Bí ibi ìso bẹ́líìtì ẹ̀yìn bá ti jẹrà, gbogbo ilẹ̀ ibi ìkẹ́rù ni ìwọ yóò pààrọ̀. Wọ́n ń tà á ní odindi, jíjó rẹ̀ ni iṣẹ́. Ṣírò ìyẹn, kí o ṣírò ìloro méjèèjì, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì, táyà mẹ́rin, àti ọkọ̀ tí yóò wọ́ ọ délé, nítorí pé kò ní MOT, ọ̀nà kan ṣoṣo tí o lè wà á gbà ni èyí tí ó lọ tààrà sí ibi àyẹ̀wò tí o ti dá ọjọ́ sí, pẹ̀lú ìbánigbófò lórí rẹ̀. Èmi kì bá san ju irínwó pọ́n-ùn, ìyẹn náà bí ṣásí rẹ̀ bá ń dún kangó kangó dé ẹ̀yìn. N kò lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé yìí. Fi àdírẹ́sì abà náà ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kí a pàdé níbẹ̀ ní agogo mẹ́wàá. Má mú owó lọ́wọ́. Èmi yóò mú òòlù.