Àrọ̀ tí mo rà ń bì nínú dúrọ́ọ̀mù, ṣé ẹja náà máa ń bì ni?

Baba Màríámù, Tanke: Àsàlámù àlékúmù ẹ̀yin ará. Mo ra àrọ̀ kílò-kílò l'Ọ́fà, a kó wọn sínú dúrọ́ọ̀mù onírọ́bà, láti Àjàṣẹ́ dé Gánmọ̀ ni mọ́tò ń fò sókè fò sódò, ìgbà tá a fi máa dé Tanke omi ti dọ̀tí ó ti ń rùn, fíìdì tí wọ́n jẹ láàárọ̀ ló léfòó yẹn, kò tíì dà, mélòó kan sì ti kú. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní ẹja kì í bì. Àbúrò mi wá fi fídíò ṣáàkì kan, ẹja òkun ńlá eléyín mímú yẹn, hàn mí tó pọ ikùn ẹ̀ síta látẹnu tó tún gbé e mì. Ṣé nǹkan kan náà ni àbí àìsàn ló ń ṣe tèmi?

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sómi o jàre. Ara ló ń ni wọ́n.

Oníkòtò Òkè-Òyì: Ìyá wa, ẹ má bínú, iyọ̀ dáa, ó máa ń jẹ́ kí ara wọn balẹ̀, àmọ́ kò lè dá ohun tó wà níkùn dúró. Ẹja tó yó, tẹ́ ẹ fi àwọ̀n gbé, tẹ́ ẹ tún gbọ̀n jìgìjìgì lójú títì, á pọ̀ ọ́ ni. Kì í ṣe àìsàn. Omi tó bì sí ló ń pa á, oúnjẹ yẹn á jẹrà, amóníà, ìyẹn májèlé tó ń tinú ìdọ̀tí jáde, á pọ̀. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún odidi ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó gbé wọn. Ẹ má sì bu omi kún dúrọ́ọ̀mù dẹ́nu kẹ́ ẹ wá dé e pa o, àrọ̀ máa ń yọjú gba afẹ́fẹ́ òkè, ẹ ti sé e léèémí nìyẹn.

Ọmọ Báọ́lọ́jì: Fídíò yẹn kì í ṣe irọ́ sà. Ṣáàkì lè yí àpò ikùn ẹ̀ lódindi síta bí ìgbà téèyàn fa àpò ṣòkòtò yọ, kó gbọn pàǹtí inú ẹ̀ dànù, kó gbé e mì padà. Àwọn olùwádìí ká a sí fídíò lára irú ṣáàkì kan tí wọ́n ń pè ní Caribbean reef shark, wọ́n kọ ọ́ jáde ní 2005, kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan tó fi ṣe é tán. Ìfun ṣáàkì yí po yí po, ọ̀nà ibẹ̀ há, egungun ńlá àti èèpo ahun ò lè kọjá, ibi tí wọ́n gbà wọlé náà ni wọ́n máa gbà jáde. Ẹṣin tẹ́ ẹ̀ ń rí nígbà Durbar nílé wa níbí pàápàá ò lè bì o, ṣáàkì wá ń bì! Ní April 1935, ṣáàkì kan tí wọ́n ń sìn fún ìwòran ní Sydney, lọ́hùn-ún ní Ọsirélíà, bì lójú àwọn èèyàn, apá èèyàn ló jáde, àwòrán tí wọ́n fín sára apá náà ni wọ́n fi dá ẹni tó ni ín mọ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀bẹ ló gé e, kì í ṣe eyín ẹja. Wọn ò dá ẹnì kankan lẹ́bi ikú ọkùnrin yẹn títí ọ̀rọ̀ fi tutù.

Ará Jẹ́bà: Hàà! Àwọn ẹja òkun tí wọ́n fà láti ìsàlẹ̀ jíjìn ńkọ́, tí ikùn wọn máa ń yọ lẹ́nu?

Ọmọ Báọ́lọ́jì: Ìyẹn kì í ṣe èébì. Àpò afẹ́fẹ́ inú wọn ló wú tó ti ikùn síta. Ṣáàkì ò ní àpò yẹn rárá, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ tó kún fún òróró ló ń gbé e dúró nínú omi.

Baba Màríámù, Tanke: Ẹ ṣeun gan-an. Ó wá yà mí lẹ́nu, kí ló dé tí ọkùnrin yìí bọ́ wọn láàárọ̀ tó mọ̀ pé mò ń bọ̀ wá kó wọn?

Oníkòtò Òkè-Òyì: Alàájì, ṣebí kílò ló fi tà á fún yín? Fíìdì tó léfòó yẹn, ẹ ti sanwó ẹ̀ bí ẹni sanwó ẹja. Nígbà míì ẹ pè é látàná, kó má bọ́ wọn, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ fọwọ́ tẹ ikùn ẹyọ kan tàbí méjì kó tó gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Tó bá wú lé, ẹ ní kó yọ nínú owó.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jà wa náà, mi ò ní dárúkọ o.