Ìfúnpá ojú mi di 31

Ìyá Ṣèyí: Ẹ kúulé o. Ojú ń yún mi, mo bá ń kán dexamethasone tí mo rà ní kẹ́mísìtì, oṣù mẹ́ta gbáko. Ní Ọjọ́bọ̀, ìfúnpá ojú mi di 31. Àbúrò mi kán irú rẹ̀, tirẹ̀ ò kúrò ní 15. Kí ló dé?

Adé: Mà, 10 sí 21 ló dáa. Sítẹ́róìdì ni dexamethasone yẹn. Kì í yí jíìnì padà, ṣe ló ń mú kí àwọn kan, bíi MYOC, ṣiṣẹ́ àṣejù. Ojú ọ̀nà tí omi inú ojú ń gbà jáde á wá le, omi ò ní jáde dáadáa mọ́, ìfúnpá á sì gòkè. Kì í ṣe ara gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àlàbá: Ṣé ẹnìkan ní gilọkómà, àrùn ojú tí ìfúnpá lè fà, tó lè fọ́ni lójú, nílé yín? Ẹ sọ fún dókítà ojú. Ìpara ìbóra ńkọ́? Sítẹ́róìdì wà nínú òmíràn.

Ìyá Ṣèyí: Háà! Bàbá mi fọ́jú. Ayé la pè é.