Ẹ bá mi wá òpópónà Màmá ní Longton

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní ìlú ọba. Stoke-on-Trent, ìlú àwọn amọ̀kòkò, ni mò ń gbé. Màmá òyìnbó kan ládùúgbò mi, ẹni ọdún 88, gbà mí bí ọmọ. Longton ni wọ́n bí i sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ti ń kun òdòdó sára ife tíì. Ó fẹ́ tún fojú rí ibẹ̀. A lọ, a ò rí òpópónà, a ò rí ilé iṣẹ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ló wà níbi tó nawọ́ sí. Màmá ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ó dùn mí gan-an.

Ìlú mẹ́fà, Longton wà lára wọn, ló para pọ̀ di Stoke-on-Trent ní 1910. Orúkọ òpópónà kan náà wà ní ìlú bíi méjì mẹ́ta, wọ́n wá pa ọ̀pọ̀ dà láàárín àwọn ọdún 1950. Ṣé wọ́n wó ti Màmá ni, àbí orúkọ ló yí padà? Ààrò onírìsí ìgò tí wọ́n fi ń sun ìkòkò, tó lé ní 2,000 nígbà kan, kò tó 50 mọ́, a ò lè fi wọ́n mọ̀nà.

Ife kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ tó wà ní ìdí rẹ̀ sì ti fẹ́ẹ̀ parẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé máàpù àtijọ́ ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, àbí kí n gbé ife náà lọ sí Gladstone Pottery Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn amọ̀kòkò ní Longton? Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti wó o, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún Màmá?